Yíya Òdòdó Oko ní Ìtòsí: Ẹ Yan Ibi Tí Yóò Mọ́ Kedere Kí Ẹ Tó Tẹ Kámẹ́rà

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan níhìn-ín ní Èkìtì fẹ́ fi òdòdó irè oko wọn ṣe kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán tí wọ́n kó lọ ni atẹ̀wé dá padà, tí owó àsansílẹ̀ wọn sì ṣègbé. Kì í ṣe pé kámẹ́rà wọn kò dára. Etí ewé òdòdó tó wà níwájú ni ó mọ́ kedere nínú àwọn àwòrán náà, nígbà tí àárín òdòdó tí gbogbo ènìyàn fẹ́ rí jẹ́ bàìbàì. Àṣìṣe kan ṣoṣo yìí ni a ń rí láti Ìkọ̀lé dé Ẹ̀fọ̀n, tìtorí rẹ̀ ni a sì ṣe kọ ìwé yìí. Bí a ṣe ń tan fóònù kò sí lára ohun tí a fẹ́ sọ.

Bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń sún mọ́ òdòdó tó ni ibi tí yóò mọ́ kedere ń tín-ín-rín tó. Lórí kámẹ́rà ńlá tó ní lẹ́ǹsì ìtòsí, bí ẹ bá sún mọ́ ọn títí tí àwòrán inú kámẹ́rà fi tóbi bákan náà pẹ̀lú òdòdó gan-an, ibi tó mọ́ kò ní tó ìdajì mìlímítà ní f/2.8 (iye f/ yìí ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó; bí iye náà bá ṣe ń tóbi ni ihò ń kéré), yóò tó nǹkan bíi mìlímítà 1 ní f/8, àti bíi mìlímítà 2 ní f/16. Òdòdó kòkó fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 1.5. Ẹni tó bá ń retí pé kí gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ń fi agbọ̀n pọn omi ni, dídín ihò lẹ́ǹsì kù ré kọjá f/16 kò sì ní ràn án lọ́wọ́, nítorí àwòrán náà yóò kàn di bàìbàì díẹ̀ láti etí dé etí ni.

Bàìbàì náà kì í ṣe ọ̀tá, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ fi í sí ibi tó wà. Ẹ mú òdòdó ilá: ọ̀pá kan dúró ní àárín rẹ̀, ìyẹ̀fun wà lára ọ̀pá náà, orí rẹ̀ sì pọ́n dúdú. Ẹ jẹ́ kí orí pípọ́n yẹn nìkan mọ́ kedere, kí ewé òdòdó tó yí i ká yọ́ di àwọ̀ ìyeyè lásán, ẹ ó sì rí i pé ojú ẹni tó ń wo àwòrán kò ní ibòmíràn láti lọ. Ẹ tún lè fi ewé tútù kan sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 níwájú lẹ́ǹsì, kí ó bo ìdá mẹ́rin ojú rẹ̀ kan, kí ẹ sì ya òdòdó gba ẹ̀gbẹ́ ewé náà, yóò dà bí ìkùukùu aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yan ìrì kan ṣoṣo ní etí ewé òdòdó kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò yan nǹkan kan ni à ń bá wí.

Kòkó ló ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí ara igi ló ti ń yọ òdòdó, èèpo igi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbáágbá. Bí ẹ bá dojú kọ igi náà tààrà, èèpo yẹn kò ní jìnnà tó láti di bàìbàì dáadáa, gbogbo rẹ̀ yóò sì rú pọ̀. Ẹ fara ti ẹ̀gbẹ́ igi, ẹ gbé lẹ́ǹsì lọ sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó kí ojú rẹ̀ máa wo oko tó wà lọ́hùn-ún, kí ohun tó wà lẹ́yìn òdòdó jìnnà tó mítà 1 ó kéré tán. Abẹ́ kòkó máa ń ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ gbé ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, dé 800 dípò kí ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí pẹ́; kò gbọdọ̀ ṣí pẹ́ ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ní ti fóònù, èyí tó pọ̀ jù kò lè mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn a máa tì í mọ́ òdòdó bí ẹni fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ ó gé etí àwòrán náà kúrò tó bá yá. Ẹ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ lórí ibi tí ẹ yàn títí tí fóònù kò fi ní yí ibi tó mọ́ padà mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi ara yín lọ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ya tó 10, nítorí èémí yín nìkan tó láti gbé e kúrò níbi tó yẹ. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ ri igi kékeré mọ́lẹ̀, kí ẹ so ọ̀pá òdòdó mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìsàlẹ̀ òdòdó. Ẹ má lo ètò inú fóònù tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀yìn di bàìbàì. Ó ń méfò ni, irun ara ọ̀pá ilá ló sì máa ń kọ́kọ́ gé dànù.

Àwọn kan máa ń já òdòdó wá sílé kí wọ́n lè yà á lórí tábìlì. Òdòdó ilá kan tí ẹ já ni ilá kan tí ẹ kò ní rí fi se ọbẹ̀, a kò sì mọ irú àgbẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àrùn tàbí kòkòrò ni ẹ fẹ́ ya ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ pa gbogbo ọgbọ́n yìí tì: ẹ tẹ́ ewé náà pẹrẹsẹ, kí ojú lẹ́ǹsì bá a dọ́gba, kí gbogbo rẹ̀ lè mọ́.

Àárọ̀ ni òdòdó ilá ń là, yóò sì ti padé kí ọjọ́ náà tó lọ. Ti ẹ̀wà tilẹ̀ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ parí iṣẹ́ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ẹ fẹ àwòrán náà lójú fóònù kí ẹ wo ibi tí ẹ yàn. Bí kò bá mọ́, ẹ tún un yà níbẹ̀ kí òdòdó náà tó padé.