Orí mélòó ni yóò jẹun? Bí èmi àti ọkọ mi ṣe ṣètò ìgbéyàwó wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́

Ìnáwó ni à ń pe àríyá ní èdè wa, orúkọ náà kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024, èmi àti ẹni tó ti di ọkọ mi báyìí jókòó sórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a ti ilẹ̀kùn, a sì ṣí ìwé kan tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Àwọn ẹbí méjèèjì ti mọ ara wọn, ṣùgbọ́n a kò tíì dá ọjọ́. Òun ló ní kí a mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó bá wa dá sí i. Inú mi dùn pé mo gbọ́.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. 450,000 sẹ́fà, owó ilẹ̀ wa, ló ti tù jọ. Èmi ti kó àjọ tí mo ń dá pẹ̀lú àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi, 380,000. A ṣírò pé láti oṣù yẹn dé ìparí ọdún, òun lè máa fi 50,000 sílẹ̀ lóṣooṣù, kí èmi máa fi 30,000 sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, 640,000 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,470,000. A jọ pinnu pé a kò ní yá kọ́bọ̀, a sì yọ 150,000 sọ́tọ̀ fún owó ilé àti oúnjẹ oṣù tí a bá kọ́kọ́ di tọkọtaya. Mo ti rán aṣọ fún ọ̀pọ̀ ìyàwó, mo sì ti rí àwọn kan tí wọ́n padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láti ta aṣọ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi takú lórí 150,000 yẹn. Ó ku 1,320,000 tí a lè ná.

Mo rò pé ohun tó kàn ni kí a kọ orúkọ nǹkan: aṣọ, màlúù, ìlù, ibi ìnáwó. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní, “Orí mélòó ni yóò jẹun? Ìyẹn ni kí a kọ́kọ́ kọ.” A kọ orúkọ títí ilẹ̀ fi ń lọ sí àfẹ̀mọ́júmọ́. 430 ni a bá.

Lọ́jọ́ kejì ni a wá kọ àwọn ohun tí iye èrò kò lè yí padà. Sàdáàkì mi, 50,000. Aṣọ àwa méjèèjì, 120,000. Ẹrù ìdána, 130,000. Ìwé mẹrí, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń so ìgbéyàwó, 30,000. Fọ́tò àti onílù, 90,000. Ọkọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ àti Kétu, 100,000. 520,000 ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò tíì jẹ òkèlè kan. 800,000 ló kù fún oúnjẹ, ohun mímu, àga àti ìbòji. Alásè tí a bá sọ̀rọ̀ ní Àjàṣẹ́ jẹ́ kó yé wa pé bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹnì kan kò lè dín ní 3,000 bí a bá fẹ́ kó yó. Pín 800,000 sí ọ̀nà 430, kò tó 1,900. Mo wo iye yẹn, mo sì fẹ́ sunkún, nítorí kò sí orúkọ kan nínú ìwé náà tí mo fẹ́ yọ.

Ohun tó gbà wá ni pé ìlú méjì ni a ti wá. Ọmọ Kétu ni mí, ọmọ Àjàṣẹ́ ni ọkọ mi. Bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ọ̀nà Ṣákẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ni à ń gbà. Bí a bá ní kí gbogbo ará Kétu sọ̀ kalẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́, owó ọkọ̀ nìkan á jẹ wá run. Nítorí náà a pín in: ìdána ní Kétu fún àwọn èèyàn mi, yìgì àti àpèjẹ ní Àjàṣẹ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ní Kétu, iṣu àti àgbàdo bàbá mi wà lóko, àwọn ìyá mi ni yóò sì dáná, nítorí náà 2,200 lè tó ẹnì kan. A dín 430 kù sí 300: 140 èèyàn ní Kétu, 308,000. 160 ní Àjàṣẹ́, 480,000. Ó ku 12,000 fún ohun tí a kò bá rántí.

Ẹni tó lè bá wa mú kí èrò Kétu má ju 140 yẹn lọ ni bàbá mi, ẹ̀rù sì ń bà mí láti sọ fún un. A jọ lọ sí Kétu. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìwé náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ohun tí a ní rèé. A kò fẹ́ fi gbèsè gbé ọmọ yín wọlé.”

Bàbá mi wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, “Ṣé o mọ iye ojúlé tó wà nínú agbo ilé yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Wọ́n wà níbẹ̀. Ìyàwó ló kà wọ́n fún mi.”

Mo rò pé yóò sọ pé a fẹ́ dójú ti òun. Ńṣe ló ní kí n pe àwọn àbúrò òun wá, ó sì sọ fún wọn pé èèyàn méjì-méjì ni ojúlé kọ̀ọ̀kan yóò fi ránṣẹ́ síbi ìjókòó, kí àwọn ọmọdé jẹun nílé ìyá wọn. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó kùn. Ká ní àwa la sọ ọ́, ìjà ni ì bá dì.

Lórí ọjọ́, òjò ló kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ó ń rọ̀ láti bí oṣù kẹrin dé oṣù keje, ó tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Oṣù kejìlá gbẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń ṣe ìnáwó nígbà náà, alásè àti àwọn tó ń yá èèyàn ní àga kì í sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ààwẹ̀ Ramadan ń bọ̀ ní oṣù kẹta. A mú oṣù kìíní ọdún 2025: ìdána ní Sátidé 11, yìgì ní Sátidé 18. Ọjọ́ Ẹtì tó jẹ́ 10 oṣù kìíní jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún ìsìn àbáláyé ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba sì ráyè gòkè lọ sí Kétu láìtọrọ àyè.

Ibi ìnáwó ní Àjàṣẹ́ ló dùn mí jù. A rí gbọ̀ngàn kan tó wù wá, 200,000. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a san 60,000 sílẹ̀, a kò gba ìwé kankan, nítorí ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Nígbà tí a padà lọ ka àga ni a gbọ́ pé owó àga lọ́tọ̀, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá lọ́tọ̀, owó ìgbálẹ̀ lọ́tọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sì ni kí gbogbo èèyàn jáde. A jókòó sẹ́yìn ògiri gbọ̀ngàn náà, a ṣírò. Bí 200,000 bá jáde nínú 480,000, 280,000 ló kù, ẹnì kan kò ní 1,800 mọ́ fún oúnjẹ àti ohun mímu. A ó jókòó síbi tó dára, ebi á sì máa pa wá. A bẹ ẹni náà títí, 30,000 ló dá padà. 30,000 yòókù sọnù bẹ́ẹ̀. Inú owó fọ́tò ni mo ti yọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi tó ní kámẹ́rà ló ya wá lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kétu, níwájú Akaba Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì tó wá fọ́ ìlú náà ní 1886. Mo fẹ́ràn àwọn fọ́tò yẹn ju ti ilé afọ́tò èyíkéyìí lọ.

Ìyá ọkọ mi ló wá sọ pé, “Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ló ṣe àgbàlá wa?” Àgbàlá ilé wọn fẹ̀, igi máńgòrò wà níbẹ̀. A wọ̀n ọ́n: báàṣì mẹ́fà, ìyẹn ìbòji aláṣọ, yóò gbà á. 7,000 ni wọ́n ń yá báàṣì kan, 42,000. Àga 170, 75 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12,750. Kò tó 55,000 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe gbọ̀ngàn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe bí a ti ṣe gbọ́dọ̀ ronú ohun tí gbọ̀ngàn ń bá èèyàn ronú. Ṣáláńgá kan ni yóò wà fún 160 èèyàn: a lọ bẹ ilé méjì tó kángun sí wa, a fọ tiwọn mọ́, a gbé omi àti ọṣẹ síbẹ̀. A pọn omi kún àgbá mẹ́rin láti alẹ́ àná rẹ̀. A dúró ní àgbàlá náà láàárín ọ̀sán láti wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, ìyẹn la sì fi mọ ibi tí a ó kọjú báàṣì sí. A sọ fún gbogbo aládùúgbò pé ìlù yóò dákẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ mẹrí kò gba owó púpọ̀, àkókò ló gbà. Àwọn ìyá bi wá pé bí àfáà bá ti so yìgì, kí la tún ń wá lọ síbẹ̀. Òfin ìdílé ilẹ̀ wa ti ọdún 2004 kò mọ ìgbéyàwó mìíràn ju èyí tí òṣìṣẹ́ ìjọba so, ọkùnrin kan sí obìnrin kan ló sì mọ̀. Bí ọ̀ràn ogún tàbí ti ọmọ bá dé lọ́la, ìwé yẹn ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi bò. Ohun tó fa ìdádúró ni pé lẹ́tà kan yàtọ̀ nínú orúkọ mi láàárín ìwé ìbí àti káàdì ìdánimọ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ yẹ tiyín wò kí ẹ tó dá ọjọ́. Ọjọ́bọ̀ ni a lọ, èèyàn mẹ́wàá péré, a jẹ ìrẹsì nílé lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgòló ni a gbà kọjá sí Ìdí-Ìrókò láti ra aṣọ. Náírà ti wálẹ̀ gan-an láti 2023, 1,000 sẹ́fà sì ń gbà ju náírà 2,500 lọ lọ́jọ́ tí a lọ. Èmi ni mo rán gbogbo rẹ̀. Iye tí a ra aṣọ ẹbí náà ni a tà á, nítorí n kò rí ìdí tí ẹni tó ń bọ̀ wá bá mi yọ̀ yóò fi san owó lé e.

Ní Kétu, wọ́n gbé obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti iṣu kalẹ̀. Bàbá mi gba owó orí, ó kà á lójú gbogbo èèyàn, ó sì dá a padà sọ́wọ́ ẹbí ọkọ mi, ó ní òun kò ta ọmọ. Òfin 2004 náà sọ pé owó orí kò gbọ́dọ̀ ju àmì lásán lọ, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbọ́ nípa òfin yẹn rí. Ohun tí bàbá tirẹ̀ ṣe ló ṣe. Èmi sunkún níbẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, 160 tí a kọ di 191. Mo ń kà wọ́n láti orí àga ìyàwó, ọkàn mi ń já. Nígbà tí ìkòkò ìrẹsì kẹta tán, mo wo ojú ìyá ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé ìkòkò kan tó ti fi aṣọ bò láti òwúrọ̀ jáde. Owó ara rẹ̀ ló fi sè é, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo èèyàn jẹun.

Nínú 12,000 tí a fi sílẹ̀ fún ohun tí a kò rántí, 9,000 lọ sórí ọṣẹ, kànìnkànìn àti epo ẹ̀rọ amúnáwá tí a yá. 150,000 wà níbi tí a fi sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọkọ mi ṣí ìwé náà sí ewé tó gbẹ̀yìn, ó kọ orúkọ àwọn tó ni ìkòkò, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà láti ilé dé ilé.