Eérú Nínú Símẹ́ńtì: Àwọn Ìbéèrè Tí Kò Jẹ́ Kí N Sinmi

Láti ìgbà tí símẹ́ńtì ti gbówó lórí, gbogbo ẹni tó ń kọ́lé l'Ákùúrẹ́ ló ti di oníṣègùn símẹ́ńtì. Wọ́n á ti fi eérú dípò díẹ̀ nínú símẹ́ńtì, wọ́n á ti pò ó, wọ́n á ti rẹ́ ẹ tán, kí wọ́n tó pè mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tẹ fóònù.

Mo fi eérú sí i, síbẹ̀ ó ń rún lọ́wọ́.
Ṣé símẹ́ńtì yẹn ti dì nínú àpò? Ẹ dà á nù. Eérú kì í jí òkú símẹ́ńtì.

Símẹ́ńtì wa tuntun ni.
Yanrìn ńkọ́? Ẹ bù ú sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì ín dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹrẹ̀ tó sùn lé e lórí bá nípọn, ẹ wá yanrìn míì.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ṣúgà ń mú un le.
Ṣúgà ń mú kó pẹ́ kó tó dì ni. Tó bá pọ̀, ó bà á jẹ́. Ẹ̀yin tí bíríkìlà yín ń da ọṣẹ ìfọṣọ sí i náà: híhó rẹ̀ ń kó atẹ́gùn sínú símẹ́ńtì, atẹ́gùn kì í sì í gbé ilé ró.

Eérú wo ló wá dáa?
Ti èèpo ìrẹsì. Símẹ́ńtì tó bá ti mumi máa ń tú nǹkan kan tó dà bí ẹfun sílẹ̀, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Sílíkà, ìyẹn èròjà kan inú eérú yìí, ló máa ń gbá a mú, tí àwọn méjèèjì á di gọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá sun ún re, sílíkà rẹ̀ lè tó 85 sí 90 nínú 100. Àmọ́ bí iná bá kọjá 700°C lọ jìnnà, agbára rẹ̀ á dínkù. Bí eérú bá sì dúdú, kò tíì jóná tán. Ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná bíi símẹ́ńtì. Nínú àpò 50 kg, ẹ yọ 5 kg símẹ́ńtì kúrò, kí ẹ fi 5 kg eérú dípò. Ó ń mumi, kì í sì í tètè le, nítorí náà ẹ máa wọ́n omi sí ògiri láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta kó má bú mi.

Nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ lára ògiri wa.
Háà! Eléyìí bá mi jà fún odidi ọdún kan.

Ògiri ọgbà mi ní Ọ̀bà-Ilé ni. Àna mi ní oko kòkó ní Ìdànrè, èèpo kòkó pọ̀ ńlẹ̀ bí ewé, mo ní eérú ṣáà ni eérú. A sun ún, a jọ̀ ọ́, a pò ó. Kí lébírà tó gbé páànù kejì dé, ti àkọ́kọ́ ti ń dì. Inú mi dùn! Mo rò pé agbára nìyẹn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ògiri hu funfun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò. Ìrì sẹ̀, ó padà. Mo di ẹ̀bi ru yanrìn. Mo di ẹ̀bi ru omi bọ́hòòlù, mo ra omi tánkà láti fi tún apá kan rẹ́. Ó tún hù. Mo kùn ún, ọ̀dà wú bí àkàrà, èmi àti akunlé fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wa. Láìsí òjò rárá, ẹ óò fọwọ́ kan ògiri náà láàárọ̀, á máa làágùn.

Ìyá ìyàwó mi ló tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n ń se ọṣẹ dúdú. Wọ́n wá kó eérú tó ṣẹ́kù. Wọ́n fọwọ́ ra ògiri, wọ́n fi ìka pa ìka, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín: “Bàbá Táyọ̀, ọṣẹ lẹ fi rẹ́lé!” Pọ́táṣì ló kún inú eérú èèpo kòkó, òun ló ń sọ epo di ọṣẹ. Omi ló ń yọ́ ọ jáde, oòrùn á gbẹ ẹ́ sójú ògiri. Ó ń mú símẹ́ńtì yára dì, àmọ́ kì í jẹ́ kó le tó bó ṣe yẹ. Mo gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fọ búlọ́ọ̀kù, mo jẹ́ kí ọyẹ́ gbẹ ẹ́, kí n tó tún un rẹ́ pẹ̀lú símẹ́ńtì àti yanrìn nìkan.

Nítorí náà, ẹ rẹ eérú sínú omi, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ fi ìka méjì pa omi rẹ̀. Bó bá ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ gbé e fún alọ́ṣẹ, kí ẹ sì ṣan ọwọ́ yín kíá.

A ò lo eérú kankan, síbẹ̀ ó ń hu funfun nísàlẹ̀.
Omi ń gun ògiri láti ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ pe ẹnjiníà.

Ṣé mo lè fi eérú po kọnkéré òpó àti dẹ́kìn?
Rárá. Bí ẹnjiníà kò bá tíì po ti àyẹ̀wò, kó fọ́ ọ wò lẹ́yìn ọjọ́ 28, rárá ni. Ẹ ò báà tún pè mí lálẹ́.