Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí yíyọ fóòmù alágolo tí ó ti le

Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ́mù ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú, ohun tí ó sì ń dùn mí jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni owó tí àwọn onílé ń fi ṣòfò lórí fóòmù alágolo tí ó ti le mọ́ ara férémù, ìyẹn fóòmù tí a ń fọ́n láti inú agolo láti fi dí àlàfo tó wà láàárín férémù fèrèsé àti ògiri.

Èkíní, ẹ má ṣe da ásítóònì (oògùn olómi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́), tínnà tàbí bẹntiróòlù sórí fóòmù tí ó ti gbẹ. Ìgbà tí ó ṣì tutù, tí ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ni ásítóònì lè tú u; bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti mú un le tán, ọ̀bẹ ló kù. Onílé kan ní Ẹ̀bútẹ́ ti ra tínnà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó pè mí, ó sì ti fi àkísà nu ìdí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Nígbà tí mo débẹ̀, fóòmù wà níbẹ̀ digbí, ọ̀dà ògiri ni ó ti bó tí ó sì ṣàn wálẹ̀ bí omi ẹ̀kọ. Mo tẹ́ ọ̀bẹ eléyín tí a fi ń gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ mọ́ ògiri, mo ń fà á síwá sẹ́yìn bí ayùn, fóòmù náà sì ń já bọ́ ní ègé-ègé, inú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó kún fún ihò wínníwínní. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí mo fi parí rẹ̀. Àánú obìnrin náà ṣe mí gidigidi, nítorí pé owó tínnà yẹn ì bá ra ọ̀dà tuntun.

Èkejì, ẹ má ṣe fi ọwọ́ fà á tu. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo fà á bẹ́ẹ̀, símẹ́ǹtì ìdí fèrèsé sì bá a wá, ọ̀gá mi ni ó san owó birikilà.

Ẹ má ṣe fi iná sun ún rárá, nítorí pé májèlé sáyánáìdì wà nínú èéfín rẹ̀. Bí fóòmù bá lẹ̀ mọ́ ara alumíníọ́mù, ẹ má ṣe fi irin ha á. Igi pẹlẹbẹ tàbí ike ni kí ẹ lò.

Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gbẹ́ gbogbo fóòmù inú àlàfo jáde, bẹ́ẹ̀ èyí tí ó wà nínú ni kò jẹ́ kí òjò àti eruku wọlé. Èyí tí ó yọ síta nìkan ni kí ẹ gé, lẹ́yìn tí ó bá ti sùn mọ́jú, kí ojú rẹ̀ àti ti ògiri lè dọ́gba. Kí ẹ wá fi símẹ́ǹtì tàbí ọ̀dà bo ojú ibi tí ẹ gé, nítorí pé bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, yóò pọ́n, yóò sì máa rún bí ìyẹ̀fun.