Kí Ni 2.1, 5.1 àti 7.1 Ń Sọ, àti Bí Ẹ Ṣe Lè To Sípíkà Kọ̀ǹpútà Yín

Kí ẹ tó sanwó sípíkà, ẹ yí ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ka ihò rẹ̀. Yálà ní òpópónà Ọba Adésidà lẹ ti fẹ́ ra home theatre ní Àkúrẹ́ tàbí ní South Gate FUTA, ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló máa sọ òtítọ́ fún yín ju páálí lọ. Wọ́n lè kọ 5.1 gàdàgbà sára páálí, kí sípíkà márùn-ún àti wúfà kan pé nínú rẹ̀, síbẹ̀ kó jẹ́ ihò pupa kan àti funfun kan péré ni wọ́n dá sí i lẹ́yìn. Ohùn méjì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọlé, ó sì ń ha méjì yẹn náà fún àwọn sípíkà tó kù. Fún orin, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó 5.1 lé e lórí.

Nọ́ńbà tó ṣáájú dọ́ọ̀tì ni iye ohùn tó ní sípíkà tirẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni iye wúfà, sípíkà tó ń gbé báàsì. 2.0 jẹ́ ọ̀tún àti òsì nìkan, 2.1 fi wúfà kún un, 4.1 fi méjì sẹ́yìn. 5.1 fi ti àárín kún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré máa ń gbà jáde jù nínú fíìmù. 7.1 ní méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti méjì lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà kẹta, bíi 5.1.2, méjì yẹn jẹ́ ti òkè àjà.

Wúfà 2.1 kò ní ohùn tirẹ̀ o. Inú ohùn ọ̀tún àti òsì ni ẹ̀rọ ti ń ya báàsì fún un. Ti 5.1 yàtọ̀: àwọn tó ṣe fíìmù ti gba ohùn ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un, bí àrá tó ń sán tàbí ilé tó ń wó, ohùn tó rẹlẹ̀ gan-an ni, kì í sì í kọjá 120 Hz (ìgbà ọgọ́fà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan).

Ẹ mú wáyà kékeré tí a ń kì bọ ihò ía-písì, èyí tí a ń pè ní 3.5 mm, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Òrùka dúdú méjì ló pín irin rẹ̀ sí mẹ́ta: ṣóńṣó gbé òsì, àárín gbé ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ohùn méjì péré ni wáyà kan lè gbé nìyẹn. 5.1 jẹ́ ohùn mẹ́fà, ó gba wáyà mẹ́ta, 7.1 gba mẹ́rin. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta wáyà oríta yín pé yóò mú 5.1 jáde láti inú ihò ía-písì láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ẹ má rà á. Ohùn méjì kan náà ni yóò máa ṣe àdàkọ. Ohun tó bá láptọ́ọ̀pù mu ni sound card USB (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn jáde, tí a ń ki bọ ihò USB) tó ní ihò àbájáde mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí ẹ gba HDMI lọ sára ámúpù, torí HDMI lè gbé ohùn mẹ́jọ. Bluetooth kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Méjì lòun náà ń gbé.

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà tó ń dúró lórí tábìlì, ihò aláwọ̀ ewé ni ti iwájú, dúdú ni ti ẹ̀yìn, aláwọ̀ ọsàn ni ti àárín àti wúfà, aláwọ̀ eérú ni ti ẹ̀gbẹ́ fún 7.1. Bí ó bá jẹ́ ewé, búlúù àti píǹkì nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀nà ṣì wà: lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, bí ẹ bá ti yan 5.1 nínú Realtek, sọfitíwia tó ń darí ohùn kọ̀ǹpútà, búlúù á di ti ẹ̀yìn, píǹkì á di ti àárín àti wúfà. Kí ẹ wá ki máíkì bọ iwájú kéèsì.

Ní Windows, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ mmsys.cpl, ẹ tẹ Enter. Lábẹ́ Playback, ẹ tẹ Speakers, lẹ́yìn náà Configure. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 5.1 Surround lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan fi àwọn sípíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́, èkejì fi wọ́n sẹ́yìn. Bí ihò dúdú bá dákẹ́ lórí ọ̀kan, ẹ lo èkejì. Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ tẹ Test. Bí àwòrán iwájú òsì bá tàn, iwájú òsì gan-an ló gbọ́dọ̀ dún. Ẹni tó ń lo Linux lè kọ speaker-test -c 6 -t wav, yóò máa dárúkọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń lọ.

Àléébù tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni kí ọ̀rọ̀ ẹnu máa jáde nínú wúfà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò, kí sípíkà àárín sì yadi. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ló gbé àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tó ń ṣe sípíkà kò fi wọ́n sípò kan náà. Bí ẹ bá rí Swap center/subwoofer output nínú Realtek, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, tí ìdí wáyà yín sì pín sí pupa àti funfun, ẹ pààrọ̀ ipò wọn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dára lórí Test tí ẹ̀yìn sì dákẹ́ nígbà tí fíìmù ń lọ, fíìmù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ ṣí i nínú VLC, sọfitíwia tí a fi ń wo fíìmù, ẹ tẹ Ctrl àti J, ẹ wo Channels. Stereo jẹ́ ohùn méjì. 3F2R/LFE ni 5.1: mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn, àti ti wúfà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí sípíkà máa dúró ló gba sùúrù jù, òun ló sì ń pa ìgbádùn 5.1 ní yàrá kékeré. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n. Bí ibi tí orí yín wà sí sípíkà iwájú òsì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, márùn-ún náà ni kó jẹ́ sí ti ọ̀tún, márùn-ún náà láàárín àwọn méjèèjì. Ti àárín, ẹ gbé e sábẹ́ mọ́nítọ̀ tàbí sókè rẹ̀, kó dojú kọ yín. Ti ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ lọ fara ti ògiri níkangun yàrá: ẹ̀gbẹ́ yín ni, kó kàn sún sẹ́yìn etí díẹ̀, kó sì ga ju etí lọ díẹ̀. Ní ti wúfà, kọ̀rọ̀ ògiri máa ń sọ báàsì rẹ̀ di ńlá, aládùúgbò tí ẹ jọ lo ògiri kan á sì mọ̀. Láti mọ ibi tó yẹ ẹ́, ẹ gbé wúfà sórí àga yín, ẹ lu orin tí báàsì rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá máa bẹ̀rẹ̀ káàkiri ẹsẹ̀ ògiri. Ibi tí báàsì ti mọ́ jù létí yín ni kí ẹ gbé wúfà sí.

Nígbà tí ẹ bá ń de wáyà mọ́ sípíkà, pupa lọ sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sódì, báàsì á tín-ín-rín, ohùn akọrin kò sì ní dúró lójú kan. Ẹ má jẹ́ kí fọ́nrán kan nínú pupa kan dúdú. Ó lè jó ámúpù.

Bí sípíkà bá ń kùn hùùù, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bí ó bá dákẹ́, iná tó ń gba ìdí ṣájà àti ti ámúpù ló ń pàdé. Ẹ ki àwọn méjèèjì bọ ẹ́síǹṣọ̀n kan náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ bọ́ sórí NEPA, ẹ kọ́kọ́ pa ámúpù, kí ẹ má sì tàn án títí iná á fi dúró déédéé.