Bí mo ṣe ń bọ́ ìpẹtà lára páàtì ẹ́ńjìnnì àtijọ́

Ẹ́ńjìnnì Lister tí ìyá mi fi lọ ata l'Ọ́jà'ba wà lẹ́yìnkùlé fún ọdún 11 kí n tó dáwọ́ lé e. Ojú ẹ̀ ti rí màbo lọ́wọ́ òjò. Wọ́n ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, mi ò gbà. Irin tó tọ́ wa dàgbà ni. Fínígà ni mo fi bọ́ ìpẹtà ara ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì fọ gírísì kúrò, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣan án, torí fínígà kì í wọ abẹ́ epo. Lẹ́yìn náà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ju kàbúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ kan mọ́ àwọn bóòtù. Kílẹ̀ tó mọ́, fínígà ti jẹ ẹ́ ní ihò wínníwínní.

Inú ike ni kí ẹ rẹ páàtì sí, kí fínígà funfun bò ó mọ́lẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣiṣẹ́; Bódìjà ni mo ti ń rà á nígbà tó bá pọ̀. Ẹ má dé e pa, ẹ má sì mu sìgá nítòsí, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè gbaná. Fáìwíìlì, ìyẹn wíìlì irin ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ò wọ ike, nítorí náà mo ki àkísà bọ fínígà, mo fi wé e yí ká, mo wá fi ọ̀rá bò ó kó má baà gbẹ.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìpẹtà á ti di ẹrẹ̀ dúdú tí ìka lè nù kúrò, wáyà bùrọ́ọ̀ṣì á sì kó ìyókù. Kó má kọjá wákàtí 24: tí fínígà bá jẹ ìpẹtà tán, irin gan-an ló kàn. Sípíríǹgì fáàfù ní tiẹ̀, mi ò kì í rẹ ẹ́ rárá, torí ásíìdì lè sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Epo àti sánpépà tó kúnná ni mo fi ń rọra nù ún.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ yọ́ káún bí ẹyin kan sínú korobá omi, kí ẹ ri páàtì sí i. Á hó. Tí kò bá hó mọ́, kíkan fínígà ti tán lára ẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan án, ẹ nù ún, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná èédú kó gbẹ kíákíá, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi bóòtù kan sílẹ̀ lọ kí àlejò nígbà òjò. Kí n tó padà, ó ti pọ́n bí epo pupa, mo sì tún un rẹ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ́ìlì tuntun ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ti dúdú nínú ọkọ̀. Ẹ wá fi ọ̀rá wé páàtì kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ tí ẹ máa tò ó pọ̀.