Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Wọlé Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù. Owó àti ọdún tí wọ́n ń fi ṣòfò ń dùn mí.

Àkọ́kọ́, ẹ má sọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì di ibùdókọ̀ tí ẹ ti ń dúró de iṣẹ́ dókítà. Bó bá jẹ́ dókítà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ lọ tún ìdánwò yín ṣe.

Èkejì, ẹ ra bàtà gidi kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìgbọ́-àyà olówó gọbọi. Ìdúró wákàtí 12 kì í ṣe eré.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: kí ẹ máa rò pé inú kíláàsì nìkan ni wọ́n ti ń gba dìgírì nọ́ọ̀sì, pé ìyà ni wọ́n fi wọ́ọ̀dù jẹ yín. Òfin Yúróòpù ní kí nọ́ọ̀sì gba ẹ̀kọ́ wákàtí 4,600, kí ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹ wá ń sá fún un! Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan: gbogbo aláìsàn ló ń mí nígbà 18 ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo wọn pátá, títí kan bàbá tó ń fi èjìká mí, tí mo rí láti ẹnu ọ̀nà. Mo di ọrùn ọwọ́ bàbá mú kí wọ́n má baà mọ̀ pé mímí wọn ni mò ń kà, mo wo àyà wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko: 32. Bẹ́ẹ̀, 12 sí 20 ni ti àgbàlagbà tó fara balẹ̀, mímí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà kí ara tó dojú rú.

Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, mà, òkè òkun ni mò ń lọ ní tèmi." Òkè òkun wo? Ìdánwò NCLEX-RN, èyí tí Amẹ́ríkà ń lò láti fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, tí Kánádà náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 2015, máa ń bi yín nípa aláìsàn tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ta ló máa kọ́ yín níyẹn bí ẹ kò bá dúró ní wọ́ọ̀dù?

Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ bi wọ́n bí iṣẹ́ alẹ́ ṣe ń rí kí ẹ tó sanwó ilé-ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ tàbí tí ẹ ti ṣiṣẹ́ mìíràn rí, ẹ má fi pamọ́. Ẹ̀yin lẹ sábà máa ń mọ bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àánú ló mú yín wá, ó dáa, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣírò oògùn. Bí mílígírámù 500 bá wà nínú mílílítà 2, tí dókítà kọ mílígírámù 125, mélòó lẹ máa fà? Ìdajì mílílítà ni. Bí ẹ bá fa méjèèjì, ìlọ́po mẹ́rin lẹ fún aláìsàn yẹn.