Bí A Ṣe Wá Ajubọ́ọ̀lù Mẹ́jọ Kí Oṣù Kẹta Tó Dé

Lọ́jọ́ tí ọmọ tí gbogbo wa gbójú lé nínú ẹgbẹ́ baseball wa di ìgúnpá rẹ̀ mú lórí òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, inning méjì, ìyẹn ìpín eré méjì, ló kù kí eré parí. Mo yíjú sí bẹ́ǹṣì wa láti mọ ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó kàn. Ọmọ tí a sáré tì wọlé kò dúró lórí òkìtì rí láyé rẹ̀; bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bọ́ síbi tó yẹ, ẹni mẹ́fà ló sì rìn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sí béèsì, ibi tó yẹ kí wọ́n jà kí wọ́n tó dé.

Houston ni mò ń gbé. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 13, wà nínú ẹgbẹ́ baseball àdúgbò wa, wọ́n sì fi mí ṣe igbákejì kóòṣì nítorí pé èmi nìkan ni bàbá tí kì í pẹ́ dé. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo gbá n'Íbàdàn, n kò mọ baseball tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, ajubọ́ọ̀lù ló ń dúró lórí òkìtì láàárín pápá, tó ń ju bọ́ọ̀lù kọjá ẹni tó di igi mú. Èyí tó bá ṣíde eré là ń pè ní starter. Àwọn ẹgbẹ́ Major League, líìgì àwọn tó ń fi baseball jẹun ní Amẹ́ríkà, ń gbá eré 162 lọ́dún, starter bíi márùn-ún ló sì máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, torí apá ẹ̀dá kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Méjì ni àwa ní. Ọ̀kan ti di ìgúnpá mú yìí.

Lóṣù Kẹwàá, mo kó gbogbo ìwé tí a fi ń ka bọ́ọ̀lù jọ sórí tábìlì oúnjẹ. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé owó àjọ ni mò ń ṣírò. Nínú bọ́ọ̀lù 100 tí ẹgbẹ́ wa bá jù, 71 ti ọwọ́ àwọn ọmọ méjì yẹn wá. Àtàrí àjànàkú la gbé ru ọmọdé, a tún ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Inning kan ń gba bọ́ọ̀lù bíi 18 lọ́wọ́ wa. Eré oní-inning méje jẹ́ 126. Ìdíje òpin ọ̀sẹ̀ sì máa ń jẹ́ eré mẹ́rin, ó di 504. Ìlànà Pitch Smart, tí Major League àti àjọ USA Baseball gbé jáde lọ́dún 2014 láti dáàbò bo apá àwọn ọmọ, ní ọmọ ọdún 13 sí 14 kò gbọdọ̀ kọjá bọ́ọ̀lù 95 lóòjọ́. Ẹni tó bá dé 66, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi sinmi. Ẹni tí kò kọjá 20 nìkan ló lè padà wá lọ́jọ́ kejì. Èmi kò fẹ́ rí 95 yẹn sójú rárá, 60 ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Mo fi 60 pín 504, ó lé díẹ̀ ní mẹ́jọ. Ọmọ mẹ́jọ nìyẹn, nínú ẹgbẹ́ tí iye ọmọ inú rẹ̀ kò ju 13 lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kò ṣe nǹkan kan. Ìlànà yẹn kan náà ní kí ọmọ fi jíju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lọ́dún, kí oṣù méjì sí mẹ́ta nínú rẹ̀ sì tẹ̀ léra. A ti pápá pa títí di àárín oṣù Kìíní. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ́. Bàbá starter wa kejì, ará Ìjẹ̀bú bí ẹní bí, pè mí lálẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Oṣù mẹ́ta kẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jù ú lọ́wọ́ báyìí o.”

“Àbúrò, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ló kún ọ́fíìsì dókítà.”

Ó ní bí apá bá tiẹ̀ bàjẹ́, ṣebí Tommy John wà. Mo rẹ́rìn-ín. Orúkọ èèyàn ni o, mo sọ fún un, kì í ṣe oògùn: ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ abẹ ìgúnpá ni. Lọ́dún 1974 ni Dókítà Frank Jobe yọ iṣan láti apá ọ̀tún ọkùnrin náà, tó fi rọ́pò èyí tó já ní ìgúnpá òsì. Ó di 1976 kó tó tún rí òkìtì gùn. Òótọ́ ni pé ó borí nínú eré 164 lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń gbowó lórí rẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń gùn. Àbúrò mi kò gbà. Ó ṣáà dákẹ́.

Kóòṣì àgbà wa náà kò fara mọ́ mẹ́jọ tí mò ń wí, títí mo fi rán an létí Astros, ẹgbẹ́ Major League tiwa níbí ní Houston. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2022, ní Seattle, eré wọn wọ inning 18, òdo sí òdo. Luis Garcia ló wà lórí òkìtì ní inning márùn-ún tó kẹ́yìn, starter tí wọn kò rí àyè fún nínú ìtò wọn lásìkò yẹn. Jeremy Peña gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, ó parí sí 1-0, wọ́n sì gba World Series, ife-ẹ̀yẹ Major League, lọ́dún náà. Lọ́dún 2023, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìgúnpá fún Garcia yìí kan náà. Ní 2024, ó kan Cristian Javier àti José Urquidy. Kóòṣì wa mi orí rẹ̀. Ó ní ká lọ wá mẹ́jọ náà.

Lóṣù Kìíní, a yọ catcher wa, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó di igi mú, kúrò, torí apá tirẹ̀ náà kì í sinmi, a sì yọ ọmọ tí ìgúnpá ń dùn. Mọ́kànlá tó kù, gbogbo wọn la gbé sórí òkìtì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn láti ẹsẹ̀ bàtà 45, lẹ́yìn náà 60, lẹ́yìn náà 90. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni a tó gun òkìtì, bọ́ọ̀lù 15 péré. Níbẹ̀ ni ojú ti ń là. Ọmọ ọdún 12 nínú Little League, líìgì àwọn ọmọdé, ń jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 46. Nínú ìdíje tiwa, ó di ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6, bíi ti àgbà. Bọ́ọ̀lù àwọn tí kò tíì ga ń balẹ̀ kó tó dé. Mẹ́ta jáwọ́ fúnra wọn.

Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni ọmọ ọlọ́wọ́ òsì kan tó ń ṣọ́ béèsì kìíní, tí kì í sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Tó bá ti jù ú, á lọ tààrà, á wá yà díẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ lódì, ó ń ká ìdí mọ́ra. Mo fi téèpù funfun fa ìlà láti òkìtì lọ sí home plate, ibi tí ẹni tó di igi mú ń dúró sí, mo ní kó máa tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ láìwolẹ̀. Curveball, èyí tí wọ́n ń yí ọwọ́ jù kó lè yà bàrà, a ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Change-up la kọ́ wọn: bọ́ọ̀lù á wọ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á dì í pẹ̀lẹ́ bí ẹyin tútù, apá á sáré, bọ́ọ̀lù kò ní sáré.

Lóṣù Kejì, a ń gbá eré láàárín ara wa. Ọmọ á ju 15, á jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún ju 15, torí ìjókòó yẹn gan-an ló ń mú apá gan, a sì fẹ́ kó mọ́ wọn lára. Mo ra ẹ̀rọ ìkàyé kékeré kan tó ń dún “kẹ́” bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ kórìíra ohùn rẹ̀.

Ìdíje àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ará Ìjẹ̀bú ju 58, ó sì jù ú dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú eré tó kẹ́yìn, a fi ẹyọ kan ṣíwájú, inning méjì ló kù, ó wá bá mi pé ara òun le. Mo fi ìwé hàn án: 51 sí 65, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo bàbá rẹ̀ lẹ́yìn wáyà. Ó gbójú sí fóònù.

Ọlọ́wọ́ òsì ló wọlé. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́ lu ilẹ̀. Èkejì náà lu ilẹ̀. Catcher dìde, ó fi bọ́ọ̀lù nu ara ṣòkòtò rẹ̀, ó jù ú padà fún un láìsọ nǹkan kan. Kẹ́. Ẹ̀kẹta wọlé.

Bọ́ọ̀lù 31 ló fi parí inning méjèèjì, a sì borí. Ọmọ kan ṣì wà nínú mẹ́jọ yẹn tí n kò tíì lè gbé síta: kò sí ọjọ́ tí kì í fi bọ́ọ̀lù lu èèyàn. Lọ́jọ́rú, èmi, òun àti garawa bọ́ọ̀lù la jọ ní ìpàdé.